Rọ́bà Tó Lórúkọ Nídìí

Ogójì rọ́bà ni mo nílò kó tó di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè yẹn, mi ò sì ní ẹyọ kan.

Ọṣẹ olómi ni mò ń ṣe tà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ba kẹ́ẹ̀gì bíi mẹ́fà jẹ́ kó tó di pé ó ń hó bó ṣe yẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Màdáámù Hephzibah, tó ní ilé oúnjẹ ní Gowon Estate, pè mí lórí fóònù.

"Ganiyat, ogójì rọ́bà ni mo fẹ́. Tí aago méjì bá lù tí mi ò rí ẹ, mo máa gba tẹlòmíì. Ṣùgbọ́n tó o bá tètè dé, ìwọ láá máa gbé e wá lóṣooṣù."

"Màdáámù, ẹ kà á sí pé mo ti dé."

Irọ́ gbáà! Ọṣẹ wà nínú dúrọ́ọ̀mù lóòótọ́, àwọ̀ ewé rẹ̀ ń dán yinrin. Ohun tí mo máa rọ ọ́ sí ni kò sí. Mo sáré dé Ìyànà Ìpájà lọ́dọ̀ ìyá tí mo máa ń ra rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ta sóbò ti kó gbogbo rẹ̀ lánàá, àfi kí n padà wá ní Tọ́sìdeè.

Mo padà sílé, mo jókòó sórí àpótí, mo gbọ́wọ́ láyà. Ọwọ́ mi bá kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa, lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá níbí, ti bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń sọ rọ́bà àlòkù di nǹkan mìíì ṣàdéhùn. Tá a bá kó ogún àpò rọ́bà jọ, wọ́n á ri òpó iná sólà kan mọ́ kọ́nà wa.

Kọ́nà yẹn burú jọjọ. Gọ́tà ibẹ̀ ò ní ìdérí. Inú rẹ̀ ni Ìyá Abigail já sí nígbà tó ń bọ̀ láti ìsìn àwọn aládùúrà, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú bí iṣu. Títí di òní ló ń tiro. Síbẹ̀, òun gan-an ló ń tiro láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín bóyá rọ́bà kan wà níbẹ̀. Ọlọ́run á tànmọ́lẹ̀ sí yín."

Òun náà ló fi máàkà dúdú kọ nọ́ńbà sára àpò ilé kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà gàdàgbà, kí gbogbo ilé lè mọ tiẹ̀. Gbogbo Sátidé la máa ń kó àwọn àpò náà lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ yàrá? Àwọn lánlọ́ọ̀dù jà fún wákàtí kan gbáko. Eléyìí ò fọkàn tán tọ̀hún. Alága wa, Alhaji Ràímì, ló parí ẹ̀.

"Ẹ gbé e fún Ganiyat. Ayálégbé ni. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀ bó ṣe mọ́ tónítóní. Ẹni tó mọ́ tó báyẹn ò lè jalè."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ yẹn ti wà, ayálégbé kankan ò mú nǹkan kan dání níbẹ̀ rí, àfi ìgbálẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Túsìdeè wa.

Mo ṣí yàrá. Háà! Rọ́bà rẹpẹtẹ! Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ pẹrẹsẹ wà níbẹ̀, èyí tí wọn ò tíì tẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àpò ilé nọ́ńbà kẹrìnlá ló dùn ún wò jù. Omi onídèérí búlúù ni wọ́n ń mu nílé yẹn, rọ́bà rẹ̀ nípọn, èjìká rẹ̀ gùn. Kò sílé míì tó ń mu ún ládùúgbò wa. Ilé alága nìyẹn.

"Mo kàn fẹ́ yá a ni," mo sọ fún ara mi. "Tó bá di Tọ́sìdeè, mo máa dá a padà."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ló máa ń yá pàǹtí?

Mo ṣa ogójì, mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ wọ́n. Mo ń sáré ni. Ẹnu rọ́bà ni mò ń yẹ̀ wò bóyá ó mọ́, mi ò wo ìdí ẹyọ kan. Mo rọ ọṣẹ, mo lẹ bébà orúkọ mi mọ́ ọn, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo gúnlẹ̀ sí Gowon Estate.

"Ganiyat, o mà ṣeun o," ni Màdáámù wí. "Rọ́bà ẹ tiẹ̀ dáa ju tàwọn yòókù lọ."

Orí mi wú. Tọ́sìdeè dé, mi ò dá nǹkan kan padà. Oṣù kejì, mo tún ṣa. Oṣù kẹta, mi ò tilẹ̀ rántí pé ọ̀nà Ìyànà Ìpájà wà mọ́.

Ìwà àṣejù tèmi ló tún bọ́ sí i. Wọ́n gbé báṣíìnì ìfọwọ́ kan sí ibi ìpàdé wa. Èmi náà dìde láàárín èrò, mo na rọ́bà ọṣẹ kan sókè.

"Ẹ̀yin àgbà àdúgbò, ẹ̀bùn tèmi rèé. Kẹ́ ẹ máa fi fọwọ́."

"Ọmọ dáadáa!" ni Alhaji wí. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣé ẹ rí àpẹẹrẹ?"

Àpẹẹrẹ! Nínú rọ́bà tí mo jí lọ́wọ́ wọn ni mo ti ta wọ́n lọ́rẹ.

Àmọ́ àpò ń jò. Àpò mọ́kànlá tó yẹ kó ti kún, ó ń rọ̀ jọwọlọ. Mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo kéde fún gbogbo ilé:

"Ẹ má tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ mọ́ o. Ẹ dé e lórí dáadáa kẹ́ ẹ tó jù ú sápò. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ báyìí nìyẹn."

Afẹ́fẹ́ bá ń bá mi kún àpò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àpò di mẹ́rìndínlógún! Ìyá Abigail ń fò lórí ẹsẹ̀ kan.

"Ganiyat ọmọ mi, ó ku mẹ́rin péré! Mo ti ń rí iná yẹn lójú àlá."

Ilé-iṣẹ́ rán ọkùnrin kan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ìka kan ṣoṣo gbé àpò kan sókè. Ó wo alága.

"Bàbá, kí lẹ kó síbí?"

"Rọ́bà ni."

"Afẹ́fẹ́ ni, sà. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́."

A tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àdúgbò ló jáde wá tẹ rọ́bà, pá-pá-pá, bí ẹni tó ń yin báńgà. Nígbà tá a tẹ̀ ẹ́ tán, mẹ́rìndínlógún ti di mẹ́sàn-án.

Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, lánlọ́ọ̀dù Ìyá Abigail, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Olè wà láàárín wa. Ilé mi nìkan gbé àpò mẹ́ta wá, mo mọ̀ ọ́n."

"A máa wá a rí," ni Alhaji wí. "Ganiyat, ìwọ ni kó o ṣáájú àwọn tó máa wá olè náà."

Ẹ gbọ́ o. Èmi ni wọ́n ní kí n wá ara mi.

Ẹ ò rí bí mo ṣe ṣe é! Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo fajú ro. "Ẹ dákun, ṣé ẹ ò rí ẹnì kan tó ń rìn ní ìrìnkurìn lẹ́bàá yàrá?" Mo dá àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣa irin kiri dúró, mo tú ẹrù wọn. Ọ̀kan nínú wọn wò mí títí.

"Àǹtí, olè tí ẹ ń wá yìí, ṣé ó jìnnà?"

Mo ní kó máa lọ, jàre.

Ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e ló tú mi fó. Ìbò alága ti fẹ́ wọlé, Alhaji fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé náà sì ti ń pín súyà kiri. Ojú wọn le síra. Lọ́jọ́ náà, Alhaja Mubarakah, ìyàwó alága, gbé mọ́ínmọ́ín wá fún ìpàdé. A jẹ ẹ́ tán, ó ku ká fọwọ́.

Ọṣẹ ẹ̀bùn mi ti ń tán lọ. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe tí ọṣẹ bá kù díẹ̀. Báyọ̀dé bu omi sí i, ó mì ín, ó wá dorí rọ́bà kodò kó lè dà.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

"Kí lèyí?"

"Kí ni kí lèyí?" ni Alhaja wí.

Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó kà á sókè ketekete, bí ẹni tó ń ka ìwé ìpàdé: "Ràímì ọmọ Sìdíkátù."

Àgbélébùú mẹ́ta wà lábẹ́ orúkọ náà. Máàkà dúdú, gàdàgbà gàdàgbà.

Alhaja ta gìrì. "Orúkọ ọkọ mi! Nídìí rọ́bà! Yéè! Ọṣẹ tí gbogbo àdúgbò fi ń fọwọ́ dànù sí gọ́tà! Wọ́n ti fẹ́ fọ ọkọ mi dànù!"

"Ẹ fara balẹ̀, Alhaja..."

"Ìwọ Báyọ̀dé, má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀! Ìwọ lò ń bá a du ipò!"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo rí i?"

"Ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ń mọ ibi tó wà!"

Ibi gbogbo gbóná. Ẹnì kan sọ pé òun mọ ìkọ̀wé yẹn. Wọ́n gbé àpò ilé kan wá, wọ́n fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé e. Ìkan náà ni. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Abigail, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú.

"Ìyá Abigail," ni Báyọ̀dé wí, "ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Ariwo sọ. "Ó jẹ́wọ́! Ó jẹ́wọ́!"

"Kí lẹ fi ṣe?"

"Àdúrà ni."

"Àdúrà wo? Ta ló ní kẹ́ ẹ gbàdúrà fún ọkọ mi?" ni Alhaja wí. "Ta ló sọ orúkọ ìyá ẹ̀ fún yín? Ìyá náà ti kú n'Íbàdàn ká tó kọ́lé síbí!"

Ìyá Abigail gbójú sókè, ó wo Alhaji Ràímì. Alhaji ń wo páànù òkè. Òógùn bò ó bíi pé ó ń jẹ ata.

"Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wa," ni Ìyá Abigail wí jẹ́ẹ́jẹ́, "a kì í pe orúkọ ẹ̀ níta."

"Ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀," ni Alhaji wí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Mo ti dárí jì í. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ wo ọkàn ọkùnrin yìí!" ni ẹnì kan kígbe. "Wọ́n fẹ́ pa á, ó ń dárí jì wọ́n!"

Ìyẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Báyọ̀dé rí i pé ojú gbogbo ayé ti wà lára òun. Ó dìde, ó ṣán tábìlì.

"Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀: Ìyá Abigail, ọjọ́ méje. Ẹ kó jáde nílé mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ kọ́kọ́rọ́ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí Báyọ̀dé ti dorí rọ́bà yẹn kodò. Èjìká gígùn yẹn, ìdérí búlúù yẹn. Àpò ilé alága ni mo ti mú un. Èmi nìkan nínú gbogbo èrò yẹn ló mọ ilé tí rọ́bà náà ti jáde. Ìyá Abigail mọ ẹni tó kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Alhaji mọ̀, ó ń ka páànù.

Mo lè dákẹ́. Kí ló kàn mí? Tí mo bá la ẹnu, kọ́kọ́rọ́ lọ nìyẹn, Màdáámù Hephzibah lọ nìyẹn. Wọn ò sì ní gbé ìgbálẹ̀ pàápàá fún ayálégbé mọ́. Mo ti pinnu pé màá dákẹ́. Mo tiẹ̀ ti ń wo bàtà mi.

Ìyá Abigail rọra dìde. Ó ká àga rẹ̀. Ó tiro dé ọ̀dọ̀ Báyọ̀dé, ó nawọ́ sí rọ́bà náà.

"Tẹ́ ẹ bá ti wò ó tán, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ jù ú sápò. Mélòó ló kù, Ganiyat?"

Wọ́n ń lé e lọ, ọ̀rọ̀ iná ló ń bi mí.

"Èmi ni," mo wí.

"Ìwọ ni kí ni?" ni Báyọ̀dé wí.

"Èmi ni olè."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mọ́ínmọ́ín.

"Èmi ni mò ń ṣa rọ́bà inú àpò. Mo fi ń rọ ọṣẹ. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa fi afẹ́fẹ́ kún un. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, Ìyá Abigail ò gbé e wá síbí. Èmi ni mo gbé e wá. Inú àpò ilé nọ́ńbà kẹrìnlá ni mo ti mú un."

"Ilé ta ni kẹrìnlá?" ni ẹnì kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

Alhaja Mubarakah ló rọra yíjú, díẹ̀díẹ̀, bí géètì tí wọn ò lépo sí.

"Alhaji."

"Hẹ̀n?"

"Báwo ni rọ́bà àdúrà ṣe dénú àpò wa?"

"Ìyẹn ni... inú ló ń run mí nígbà yẹn."

"Inú wo?"

"Inú... inú ìbò."

Ẹ gbọ́ ẹ̀rín! Ènìyàn ń yí gbirigbiri lórí ṣimẹ́ńtì. Alhaji fi fìlà bojú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé rọ́bà omi lọ bá Ìyá Abigail, òun ló pe orúkọ ìyá rẹ̀ fún un, pé kó bá òun gbàdúrà sí i kóun lè wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ó mu omi náà tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí pé òun ni alága, tó ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ju rọ́bà sí gọ́tà, ó wá jù ú sápò bí ọmọ àdúgbò rere.

"Alhaji! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó ní sáàfù iwájú ní mọ́ṣáláṣí!" Báyọ̀dé ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omijé. "Ẹ ti pa mí!"

Ìyá Abigail yíjú sí i. Kò bínú. "Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín Báyọ̀dé já lẹ́nu bí okùn. Ó wo ìyá náà, ó wo ilẹ̀kùn yàrá rọ́bà, níbi tí àpò mẹ́ta tiẹ̀ wà. Ó jókòó.

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje yẹn," ni ó wí, "mo ti gbà á padà."

Ó kan èmi. Ẹ má rò pé wọ́n dárí jì mí lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé mo jẹ́wọ́. Alhaja ní kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà yí àdúgbò ká. Ẹlòmíì ní kí n kó jáde. Ìyá Abigail ló ní kí wọ́n fún òun ní mi.

"Rọ́bà méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mú. Kó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá a. Ẹsẹ̀ tèmi ti rẹ̀."

Nígbà tá a ń tú ká, mo lọ kúnlẹ̀ fún un. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ pé Alhaji ni.

"Tí mo bá sọ tiẹ̀ lónìí," ó wí, "ta ló máa sọ tiẹ̀ fún mi lọ́la? Dìde, jàre. Ojú ẹ dọ̀tí."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Màdáámù Hephzibah, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo rò pé á lé mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n dorí ogójì rọ́bà tó wà lọ́wọ́ òun kodò, kóun lè mọ̀ bóyá orúkọ òun náà wà níbẹ̀. Ó ní kí n máa fi kẹ́ẹ̀gì gbé ọṣẹ wá báyìí, òun á máa rọ ọ́ sínú rọ́bà tòun. Ṣùgbọ́n kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ rẹ̀, mi ò sì bèèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, mi ò ní gbà yín níyànjú púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa jalè, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ohun tẹ́ ẹ jí. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nísinsìnyí rèé. Alhaji Ràímì wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn aládùúrà àdúgbò ló dìbò fún un jù. Báyọ̀dé ṣì ni akọ̀wé, ó ti mọ gọ́tà tuntun sí iwájú yàrá Ìyá Abigail láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá rọ́bà wà lọ́rùn Ìyá Abigail. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, gbogbo Sátidé ni mo ń gbé e kiri ojúlé, àwọn ọmọdé sì máa ń pariwo tẹ̀ lé mi pé, "Àǹtí Olè, rọ́bà rèé!"

Àpò tó kún, tá a tẹ̀ dáadáa, jẹ́ méjìdínlógún. Kọ́nà wa ṣì ṣókùnkùn. Ó ku àpò méjì.